Ẹni Tó Fọwọ́ Síwèé Ni Mo Pè Lẹ́jọ́: Ẹ̀sùn Méje Lórí Ẹ̀rọ Ìfọ̀gò Yàrá Àyẹ̀wò

Ẹ̀yin ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ẹ̀yin ni mo pè lẹ́jọ́. Nígbàkígbà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ gíláàsì, ẹni mẹ́ta ni ẹ máa ń dì í rù. Ẹ ó ní ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ kò fara balẹ̀. Ẹ ó ní ẹ̀rọ ti gbó. Ẹ ó ní iná ló lọ lójijì. Ẹni tó fọwọ́ síwèé kí wọ́n ra ẹ̀rọ, tó tún fọwọ́ síwèé kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, a kì í gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ìwé ẹ̀sùn yìí pe orúkọ rẹ̀.

N kò sọ pé ilé ìwòsàn kan tàbí ilé ẹ̀kọ́ kan pàtó ló jẹ̀bi. Ìwà ni mo ń ṣẹjọ́ lé lórí, ẹni tó bá sì ń hu ìwà náà mọ ara rẹ̀. Ìdí tí mo fi mú ìlú méjèèjì yìí ni pé wọ́n kún fún yàrá àyẹ̀wò. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ, ti wà ní Àkúrẹ́ láti 1981. UNIMED, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn, bẹ̀rẹ̀ ní Oǹdó ní 2015, ilé ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀ sì wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn lábù aládàáni tó wà káàkiri ìgboro. Púpọ̀ nínú wọn ṣì ń fi ọwọ́ fọ túùbù nínú bàsíà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń wọlé, ó sì dára bó ṣe ń wọlé. Ohun tí kò dára ni bí ẹ ṣe ń gbà á wọlé.

Kí ẹni tí kò rí i rí lè bá wa lọ, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe rèé. Ó ń fi omi tútù ṣan ìdọ̀tí kúrò. Ó ń fi omi gbígbóná àti ọṣẹ alágbára fọ gíláàsì. Ó ń fi ásíìdì pa agbára ọṣẹ náà. Ó ń fi omi lásán ṣàn án, kó tó wá fi omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ ṣàn án kẹ́yìn, yóò sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́. Inú àpótí irin kan ṣoṣo ni gbogbo èyí ti ń ṣẹlẹ̀: omi tó lè gbóná dé 95°C, kẹ́míkà tó ń jẹ awọ ara, iná mànàmáná, àti gíláàsì tó lè fọ́. Àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní òfin àgbáyé tí wọ́n ń tẹ̀ lé, IEC 61010-2-040, nípa bí kò ṣe ní pa ènìyàn lára. Ibi tí òfin tiwọn parí sí ni tiyín ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀sùn kìíní: ẹ ra ẹ̀rọ, ẹ kò kọ́ ẹni tí yóò lò ó.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ tó tà á tẹ bọ́tìnì mẹ́ta lójú gbogbo yín, ẹ ya fọ́tò, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ìlànà wọ inú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, wọ́n ti í pa. Láti ọjọ́ kejì, ọwọ́ ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré jù ni ẹ̀rọ bọ́ sí: atẹ́ńdáǹtì, ẹni tí wọ́n gbà láìfún un níwèé, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Ó kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó bá níbẹ̀, ẹni yẹn náà sì kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ. Nígbà tí yóò bá fi dé ọwọ́ ẹnì kẹta, bọ́tìnì mẹ́ta nìkan ló kù nínú ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ kò sọ fún un pé kó da ojú gíláàsì délẹ̀ kí omi lè wọ inú rẹ̀. Ẹ kò sọ fún un pé kó fi ọwọ́ yí apá tó ń fọ́n omi wò kó tó ti ilẹ̀kùn, nítorí bí ọrùn ìgò kan bá dí i, gbogbo ẹrù náà á jáde ní ìdọ̀tí tàbí kí ó fọ́. Ẹ kò sọ fún un pé inú asẹ́ ìsàlẹ̀ ni àfọ́kù máa ń kó sí, pé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ lásán kó o, kí ó sì pa iná ẹ̀rọ kó tó nawọ́ síbẹ̀. Ọ̀sán kan péré ni ẹ̀kọ́ yìí gbà.

Ó tún kù. Ìwádìí ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, tí wọ́n ń pè ní NAIIS, fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn 8 nínú 100 láàrin àwọn tó wà ní ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà ló ní kòkòrò hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ méje nínú ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gbà á láàrin oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin ọ̀gá ti gbà á. Ẹ bi ọmọ tó ń fọ túùbù ẹ̀jẹ̀ bóyá ó gbà á.

Ẹ̀sùn kejì: ohun tó ní àrùn lára ni ẹ ń kó sínú ẹ̀rọ tààrà.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ ìfọ̀gò yàtọ̀ sí iṣẹ́ autoclave, ìkòkò irin tó ń fi ooru omi àti ìfúnpá pa kòkòrò. Ohun tó bá ti kan ẹ̀jẹ̀, itọ̀, ìgbẹ́ tàbí kòkòrò tí wọ́n gbìn, autoclave ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀: 121°C fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, láti ìgbà tí ooru náà bá ti dé inú gbogbo ẹrù. Lẹ́yìn ìyẹn la tó ń fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin fo ti àkọ́kọ́ nítorí pé ẹ rí i lára ẹ̀rọ tuntun yín pé omi rẹ̀ ń gbóná. Ẹni tó ti kó ẹrù sínú rẹ̀, tó ti fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀ kí omi tó gbóná, ẹ kò kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì fo omi tútù, tí ẹ tẹ omi gbígbóná láti yá iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á sè mọ́ gíláàsì lára, kò sì ní kúrò bọ̀rọ̀.

Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, èyí jẹ́ àìbìkítà. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀ràn ni. Ìpínlẹ̀ yìí wà lára àwọn tí ibà Lassa ń dà láàmú jù ní Nàìjíríà, pàápàá lágbègbè Ọ̀wọ̀, ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ kò sì jìn. Ẹ̀jẹ̀ tó wọ lábù yín lánàá lè jẹ́ ti ẹni tí a rò pé ibà lásán ló ń ṣe. Ẹ rántí ohun tí kòkòrò yìí ṣe lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ní 1969, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣàìsàn ní Nàìjíríà lọ sí Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà. Onímọ̀ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, Jordi Casals, kó o, díẹ̀ ló kù kó kú. Ọdún náà kò tíì parí tí òṣìṣẹ́ lábù kan níbẹ̀, Juan Roman, tí kì í tilẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí kòkòrò náà, kó o tó sì kú. Wọn kò mọ ibi tó gbà dé ara rẹ̀. Yale dá iṣẹ́ lórí kòkòrò náà dúró. Ní oṣù kejì ọdún 1970, dókítà Jeanette Troup kú ní Jọ́ọ̀sì. Ó gé ara rẹ̀ níka nígbà tó ń yẹ òkú aláìsàn kan wò. Ìka kan, ojú ọ̀bẹ kan. Àfọ́kù túùbù mélòó ló wà nínú asẹ́ ẹ̀rọ yín lónìí?

Ẹ̀sùn kẹta: ẹ fi kẹ́míkà tó ń jẹ ẹran ara lé ọwọ́ òfìfo.

Ọṣẹ inú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe Omo. Kọ́sítíìkì ló wà nínú púpọ̀ nínú rẹ̀, ti sódíọ̀mù tàbí ti pọtásíọ̀mù. Àwọn ìyá tó ń se ọṣẹ dúdú lágbègbè Oǹdó mọ agbára yìí láìka ìwé kẹ́místírì kankan. Eérú èèpo kòkó tí wọ́n fi omi sẹ́ ni wọ́n ń lò, wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ìkòkò omi eérú náà, ká tó wá sọ pé kó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyá tó ń se ọṣẹ lẹ́yìnkùlé ní ìlànà ààbò. Lábù tó gbé ìwé ẹ̀rí kọ́ ògiri kò ní.

Ẹ̀rí mi rèé. Kẹ́míkà inú jálá ńlá ni wọ́n ń dà sínú ike omi mímu nítorí pé jálá náà wúwo, wọn kì í sì í kọ nǹkan kan sára rẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tínrín tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń dà á, èyí tí kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Awò ààbò ojú kò sí, tàbí kó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, tí ọ̀gá gbé kọ́ ọ́fíìsì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, kọ́sítíìkì burú fún ojú ju ásíìdì lọ, nítorí pé ó máa ń wọnú lọ ni. Omi mímọ́ tí a fi ṣan ojú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ká tó ronú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ló lè gba ojú náà là. Ní yàrá tí omi kò ti ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, níbo ni omi ìṣẹ́jú 15 yìí wà?

Èyí tó burú jù ni JIK, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Ẹni tí kò mọ̀ á rí i pé gíláàsì kò funfun tó, á sì da JIK lé ásíìdì inú ẹ̀rọ. Gáàsì klorínì ló máa jáde, irú èyí tí ọmọ ogun Jámánì tú sí àwọn ọ̀tá wọn ní Ypres ní 1915. Nínú yàrá tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí ibi tí ẹni náà máa gbà jáde kíá.

Ẹ̀sùn kẹrin: ẹ ń kó ohun tó lè gbiná sínú àpótí gbígbóná.

Ẹ̀yin lábù kẹ́místírì ni èyí bá wí jù. Gíláàsì tí ẹ fi acetone ṣàn, tí ẹ fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù tàbí petroleum ether yọ oje ewé, ẹ kì í jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó kó o wọ ẹ̀rọ. Oru acetone lè gbiná láti nǹkan bí 20°C lábẹ́ òdo, ti ẹ̀tánọ́ọ̀lù láti nǹkan bí 13°C. Ṣàṣà ni òwúrọ̀ ní Àkúrẹ́ tó tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ti oru yẹn mọ́ inú àpótí tó ní irin ìgbóná. Ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń fa oru jáde ló yẹ kí gíláàsì bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ gbẹ sí, kí omi ìfọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ sì lọ sínú jálá ìdọ̀tí kẹ́míkà. Bákan náà ni sodium azide, tí wọ́n ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú omi àyẹ̀wò kó má bàa bàjẹ́. Bó bá ń ṣàn gba páìpù bàbà tàbí òjé lójoojúmọ́, ó ń di ohun tó lè bú gbàù. Láti 1976 ni ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò òṣìṣẹ́ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀sùn karùn-ún: ẹ so wáyà mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀kùn ẹ̀rọ yìí kì í ṣí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Omi tó gbóná tó 60°C lè bó awọ àgbàlagbà láàrin ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, omi ẹ̀rọ yìí sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n iná lọ, ẹrù há sínú rẹ̀, dókítà ń pariwo túùbù. Ẹ pe oníwáyà àdúgbò. Ó tan kọ́kọ́rọ́ náà jẹ, ilẹ̀kùn sì ń ṣí nígbàkígbà láti ọjọ́ yẹn. Ẹni gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀: oníwáyà ló so ó, ọwọ́ yín ni owó iṣẹ́ ti jáde.

Ìwà kan náà ló wà nídìí bí ẹ ṣe ń lo ẹ̀rọ nígbà tí iná ń ṣe ségesège. Ẹrù tí iná lọ mọ́ lójú kò tíì mọ́. Ìlànà àgbáyé ISO 15883 ṣírò ooru pọ̀ mọ́ àkókò: 80°C fún ìṣẹ́jú 10, tàbí 90°C fún ìṣẹ́jú kan, iye kan náà ni. Bí iná bá lọ kí àkókò náà tó pé, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin a ní kí wọ́n kó o jáde, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Wáyà ilẹ̀, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣáko lọ sínú ilẹ̀, wọ́n gé e kúrò nídìí púlọ́ọ̀gì nítorí pé ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì kò gbà á. Àpótí irin, omi nílẹ̀, ọwọ́ tútù, kò sí wáyà ilẹ̀. Ìyókù kò ṣòro láti rò.

Ẹ̀sùn kẹfà: ẹ ń fi omi burúkú fọ gíláàsì, aláìsàn ló ń gba èsì rẹ̀.

Ẹ̀sùn yìí kúrò lórí òṣìṣẹ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ ará ìlú. Omi kànga àti ti ẹ̀rọ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ń lò, iyọ̀ inú àpáta sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣe é wẹ̀, ó ṣe é sè. Bí ó bá jẹ́ òun ni ìṣàn ìkẹyìn fún túùbù àyẹ̀wò, iyọ̀ náà á gbẹ mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá fo ásíìdì nítorí pé ó wọ́n, ọṣẹ náà á kù síbẹ̀. Àyẹ̀wò àwọn ẹ́ńsáìmù ẹ̀jẹ̀ kì í fara mọ́ irú àṣẹ́kù bẹ́ẹ̀. Èsì á jáde, nọ́ńbà á wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà náà á sì jẹ́ irọ́.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ àwo ELISA, èyí tí wọ́n fi ń wá kòkòrò HIV àti hepatitis, wà nínú ẹ̀sùn yìí pẹ̀lú. Bí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kan bá dí, ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní mọ́ tó, àwọ̀ á ṣẹ́kù síbẹ̀, wọ́n sì lè sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ le pé ó ti kó àrùn. Abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò yọ wò ló lè tú ìgbéyàwó ká.

Àyẹ̀wò tó lè fi èyí hàn kò gba owó. Ẹ da omi sínú gíláàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Bí omi bá tẹ́ lára rẹ̀ láìdá, ó mọ́. Bó bá ń dá tótòtó, ọ̀rá ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ kán phenolphthalein kan sí ìyókù omi ìṣàn. Bó bá pọ́n bí òdòdó, ọṣẹ kò tíì tán. Nígbà wo lẹ ṣe é kẹ́yìn?

Ẹ̀sùn keje: ẹ kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ẹ sì dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi.

Ní 1972, ní ìlú Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aláìsàn kú nítorí omi ìfàsára tí wọ́n rò pé autoclave ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ há sí ìsàlẹ̀ autoclave náà, ooru kò dé ibẹ̀. Ohun èlò tó ń kọ ìgbóná sílẹ̀ fi hàn pé nǹkan kò lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ohun èlò náà ló bàjẹ́, wọ́n gba òmíràn gbọ́. Ìgbìmọ̀ tí lọ́yà Cecil Clothier darí wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọn kò fi ẹjọ́ mọ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ bọ́tìnì. Wọ́n sọ pé èrò burúkú kan ló tàn kálẹ̀: pé iṣẹ́ pípa kòkòrò rọrùn, pé ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ púpọ̀ lè ṣe é láìsí ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ. Ó ju àádọ́ta ọdún lọ tí wọ́n ti sọ ọ́. Èrò yẹn gan-an lẹ fi ń gba òṣìṣẹ́ lónìí.

Ilé iṣẹ́ tó ṣe omi náà tilẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tí wọ́n kọ̀ láti kà. Ẹ̀yin kò ní. Ìgbóná wo ni ẹ̀rọ dé lánàá, ta ló kó ẹrù wọlé, ìgbà wo ni ẹnjiníà wá gbẹ̀yìn? Níbi tí ìwé kò bá ti sí, ẹni tó lágbára jù nínú yàrá ni ìtàn rẹ̀ máa ń borí. Òfin ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ ti 2010 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ ròyìn ìpalára ibi iṣẹ́ fún àjọ NSITF láàrin ọjọ́ méje. Èyí tí ẹ̀yin ń fún ọmọ náà ni owó oògùn díẹ̀ àti ìkìlọ̀ pé kó fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àárín yín.

Mo ti gbọ́ àwáwí yín. Ẹ ní owó kò sí. Owó tó ra ẹ̀rọ wá, ó wà. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn, awò ojú mẹ́ta, lébẹ́ẹ̀lì, ìwé àkọsílẹ̀ àti jálá omi mímọ́ kan kò tó ìdá kékeré owó ẹ̀rọ yín. Ẹ ní ìjọba kò bójú tó yín. Òótọ́ wà nínú ìyẹn: ìgbìmọ̀ MLSCN, tí òfin 2003 dá sílẹ̀, ló ní agbára láti yẹ àwọn lábù ìṣègùn wò, ó sì yẹ kí àwọn olùyẹ̀wò rẹ̀ máa béèrè nípa yàrá ìfọ̀gò bí wọ́n ti ń béèrè nípa ìwé ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ìjọba kọ́ ló so wáyà mọ́ ilẹ̀kùn yín. Ẹ ní ọdún mẹ́wàá rèé, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá tí ẹ kò fi kọ nǹkan sílẹ̀, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀?

Ìdájọ́ tí mo ń béèrè kò le. Kí ẹni tó fọwọ́ sí ìwé rírà ẹ̀rọ fọwọ́ sí ìwé kejì kí iṣẹ́ ọ̀la tó bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ àwọn tó lè lo ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n kọ́ wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n gba àjẹsára. Kí ó kọ ohun tí kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ láéláé síbẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ẹ̀rọ náà lédè tí ẹni tó ń lò ó gbọ́. Kí ó kọ ọ́ pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ń ṣiṣẹ́, pé wáyà ilẹ̀ wà, àti orúkọ ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò dáhùn bí èyíkéyìí nínú wọn bá jẹ́ irọ́. Lábù tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá lè fọwọ́ sí irú ìwé yẹn, kó pa iná ẹ̀rọ náà, kó máa fi ọwọ́ fọ gíláàsì rẹ̀ títí yóò fi lè fọwọ́ sí i.